Orin Ọjọ́ Alẹ́ Poly-Rythmo

Dá ọ̀rọ̀ Orchestre Poly-Rythmo de Cotonou sílẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn orin àtijọ́, ìbáà jẹ́ ní Kútọnu tàbí ní Èkó, kò ní pẹ́ tí àríyànjiyàn yóò fi bẹ́ sílẹ̀. Lórí orin tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1970, ẹnu kò: ọba ni wọ́n. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di "o ò mọ orin" àti "ìwọ gan-an ni etí rẹ di" ni àwo méjì tí wọ́n ṣe nígbà tí ewú ti bo orí wọn, Cotonou Club tó jáde ní 2011 àti Madjafalao tó tẹ̀lé e ní 2016. Àwọn kan ní ìbá sàn kí wọ́n má ṣe é rárá. Àwọn kan ní àgbà ló kọrin, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ti ọmọdé kó wá ọmọdé lọ. Mo ti gbọ́ tọ̀tún, mo ti gbọ́ tòsì. Àwọn tó ní nǹkan kan dín kù nínú orin ọjọ́ alẹ́ náà kò parọ́. Ibi tí wọ́n ń nàka sí ni nǹkan náà kò sí.

Kí n tètè rán wa létí ẹni tí wọ́n jẹ́. Mélomé Clément, tó mọ fèrè fọn tó sì mọ gìtá ta, ló kó ẹgbẹ́ náà jọ, ní 1968 sì ni wọ́n gba orúkọ tí a fi mọ̀ wọ́n. Wọ́n tún fi Tout Puissant ṣáájú rẹ̀, oyè Alágbára-gbogbo, kò sì sí ẹni tó bá wọn du oyè náà ní Kútọnu. Orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ tó bíi 500. Wọ́n fi èdè Fọ̀n kọrin, wọ́n fi Mina kọ ọ́, wọ́n fi Faransé àti Yorùbá náà kọ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn orin wọn, Iya Me Dji Ki Bi Ni, kò sí ọmọ Yorùbá tó máa ka àkọlé rẹ̀ tí yóò béèrè ògbufọ̀. Fọ́ńkì James Brown, Afrobeat Fela, rúm̀bà àwọn ará Kóńgò, orin Kúbà, kò sí èyí tí wọn kò lè ṣe. Bí olórin mìíràn ní ìlú bá ní orin lẹ́nu tí kò ní ẹgbẹ́ tí yóò bá a lù ú, Poly-Rythmo ni yóò wá bẹ̀. Antoine Dougbé jẹ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Honoré Avolonto.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kan orin ọjọ́ alẹ́ wọn ni pé ó mọ́ jù. Kí a tó dá ẹjọ́ yìí, ó yẹ ká wo bí wọ́n ṣe ń gba orin sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní àdéhùn pẹ̀lú Albarika Store, ilé iṣẹ́ Adissa Seidou, pé òun nìkan ni wọn yóò máa ṣe àwo fún. Wọ́n á sọdá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, wọ́n á lọ sí sítúdíò EMI ní Èkó, ẹ̀rọ gidi á gba ohùn wọn. Ṣùgbọ́n ẹnu ń jẹ, ilé ń gbowó, nítorí náà wọ́n tún ń yọ́ kẹ́lẹ́ lọ ṣe orin fún àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ní Kútọnu. Àwọn yẹn kò ní sítúdíò kankan. Ẹ̀rọ Nagra, tí wọ́n ń ṣe ní Switzerland, ni wọn yóò gbé wá sí àgbàlá ẹnì kan, wọn yóò gbé gbohùngbohùn kan tàbí méjì kalẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ yóò sì tò yí i ká. Ẹni tí irinṣẹ́ rẹ̀ ń pariwo yóò jìnnà sẹ́yìn, akọrin yóò sún mọ́ iwájú. Kò sí pé a ó tún un ṣe tó bá yá. Bí ẹnì kan bá ṣì í, ẹ tún un lù láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí kí ẹ fi àṣìṣe náà sílẹ̀ kó di ara orin.

Samy Ben Redjeb, tó dá Analog Africa sílẹ̀ ní Jámánì, ló ṣa irú orin àgbàlá bẹ́ẹ̀ jọ sínú The Vodoun Effect ní 2008. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á gbọ́ bí ohùn ṣe ń ya létí gbohùngbohùn, á gbọ́ bí bẹ́ẹ̀sì ṣe ń bo gìtá mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń kó àwo àtijọ́ jọ ní Yúróòpù gbọ́ ọ, orí wọn sì wú, ni wọ́n bá pinnu pé ìdọ̀tí ohùn yẹn ni Poly-Rythmo. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Redjeb kan náà mú Echos Hypnotiques jáde, láti inú àpótí Albarika. Ti Èkó ni ọ̀pọ̀ nínú ìyẹn. Ohùn rẹ̀ mọ́ tónítóní, fèrè dúró láyè tirẹ̀, o lè ka okùn gìtá. Kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ tó sọ pé agbára ti tán níbẹ̀. Ẹgbẹ́ kan náà ni, láàárín àwọn ọdún kan náà. Nígbà tí wọ́n wà ní géńdé, wọ́n ní orin tó dọ̀tí, wọ́n ní èyí tó mọ́, àwọn méjèèjì ló gbóná. Ẹ̀sùn ìmọ́tótó kò dúró.

Kí ló wá dín kù? Lójú tèmi, ìlù ni, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi lórí èyí.

Ní ilẹ̀ Fọ̀n, sato ni orúkọ ìlù kan tó ga tó ènìyàn, tí àwọn onílù máa ń jó yí ká tí wọ́n ń fi igi lù nígbà ètùtù ìrántí àwọn tó ti kú. Òun náà ni orúkọ ọ̀wọ́ ìlù tí wọ́n ń lù níbẹ̀. Ọ̀wọ́ ìlù Sakpata tún wà, ti òrìṣà ilẹ̀ àti ìgbóná, èyí tí àwa ń pè ní Ṣànpọ̀nná. Ohun tí Poly-Rythmo ṣe ni pé wọ́n kó àwọn ìlù yìí kúrò lójúbọ òrìṣà wá sórí irinṣẹ́ òyìnbó. Èyí kì í ṣe kí a gbé agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dání kí a máa jan fọ́ńkì. Gbogbo ìlù tó wà níbẹ̀ ni wọ́n pín mọ́ra wọn lọ́wọ́: gìtá gba ọ̀rọ̀ omele, bẹ́ẹ̀sì ń fọhùn bí ìyá ìlù, agogo sì ń lọ ní tirẹ̀ bí kónkóló tí a mọ̀, kò dúró, kò yára. Ẹni tó jókòó sídìí dírọ́ọ̀mù ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Yehouessi Léopold. Wọ́n tilẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ pe odindi àwo kan ní 1978, Yehouessi Leopold Batteur, nǹkan tí ẹgbẹ́ olórin kì í sábà ṣe fún onílù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa ṣe sato, ọwọ́ ọ̀tún a máa ṣe James Brown, ọwọ́ òsì a máa dá àwọn méjèèjì lóhùn. Ẹni tó ń jó kò ní mọ ẹni tí òun ń tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní ṣìnà.

Léopold kú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Àárín ìgbà kan náà ni Papillon, onígìtá wọn tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Bernard Zoundégnon, náà kú. Ẹgbẹ́ tó pàdánù ìyá ìlù àti omele pọ̀ lẹ́ẹ̀kan kò lè dá bíi tàná mọ́. Owó náà gbẹ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lábẹ́ ìjọba Ààrẹ Kérékou. Ní 1984, ìjọba ológun Buhari ti ẹnubodè Nàìjíríà pa, ọ̀nà Èkó dí. Kásẹ́ẹ̀tì àdàkọ ti gba ọjà lọ́wọ́ àwo. Ẹgbẹ́ náà kò kéde pé àwọn túká, wọ́n kàn ń pòórá díẹ̀díẹ̀. Lohento Eskill, ohùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn jù nínú wọn, kú ní 2006, kò rí ọjọ́ tí ayé tún padà wá wá wọn.

Ọjọ́ náà kò sì jìnnà mọ́. Akọ̀ròyìn rédíò ará Faransé kan, Élodie Maillot, wá sí Kútọnu láti fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Mélomé bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn wá ọ̀nà Yúróòpù. Ó gbà, ó sì di alákòóso wọn. Ní 2009 ni wọ́n kọ́kọ́ gun orí ìtàgé níbẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún tí wọ́n ti ń kọrin. Vincent Ahehehinnou, tó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ ní 1978, ti padà wọlé. Gustave Bentho ṣì wà nídìí bẹ́ẹ̀sì. Àwọn ọ̀dọ́ gba àyè àwọn tó ti kú.

Ní Paris ni wọ́n ti ṣe Cotonou Club, lábẹ́ ilé iṣẹ́ Strut. Àwọn agbátẹrù rẹ̀ gbìyànjú láti mú ohùn àtijọ́ padà, irinṣẹ́ ìgbàanì ni wọ́n fi gba orin náà sílẹ̀. Àlejò pọ̀ níbẹ̀: Angélique Kidjo ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Fatoumata Diawara ọmọ Màlì, àti méjì nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olórin Franz Ferdinand láti Scotland, tí wọ́n bá wọn lu Lion Is Burning. Èmi kò bínú sí àwọn àlejò. Àwọn baba wọ̀nyí ló máa ń ṣe àlejò nínú orin ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀, ó tọ́ kí ẹlòmíràn wá ṣe é fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ Gbeti Madjro tuntun tí Kidjo bá wọn kọ, kí ẹ sì lọ gbọ́ ti àtijọ́, èyí tó wà nínú àkójọ orin African Scream Contest. Ti àtijọ́ ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ẹni tó ń ké níbẹ̀ kò bìkítà bóyá ohùn rẹ̀ á já. Ti tuntun náà yára, bóyá ó tilẹ̀ tún yára jù ú lọ, ọwọ́ gbogbo wọn sì já gaara. Kidjo kọrin bí ẹni tó ń fi orin náà dá ilé bàbá rẹ̀ lọ́lá. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé onílù tuntun ń tẹ̀ lé orin náà. Léopold kì í tẹ̀ lé orin, òun ló máa ń tì í.

Orin kejì tí mo fẹ́ kí ẹ fi ti ara wọn ni C'est lui ou c'est moi. Orin yìí ti wà nínú àwo ńlá àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní 1973, àwo tí orin mẹ́rin péré kún. Òun ni àbí èmi ni, ohun tí àkọlé náà ń sọ nìyẹn. Ọ̀dọ́kùnrin ló kọ ọ́ ní 1973, ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́kùnrin sì ni: yan ọ̀kan, má fi àkókò mi ṣòfò. Nígbà tí àwọn àgbàlagbà wá kọ ọ́ ní 2011, nǹkan ṣẹlẹ̀ tí èmi kò retí. Ìhàlẹ̀ inú rẹ̀ ti tán, ẹ̀rín àti àánú díẹ̀ ló kù. Ó dà bí ẹni tó mọ̀ pé obìnrin náà ti yan ẹni tó yàn láti ọjọ́ pípẹ́, tó kàn ń béèrè fún ẹ̀fẹ̀ ni. Orin yìí sàn ju Gbeti Madjro tuntun lọ, nítorí pé ó gbà kí ọjọ́ orí wọ inú rẹ̀. Gbeti Madjro ń bá ọjọ́ orí jìjàkadì.

Nípa àtúnṣe orin, Fela ni ẹlẹ́rìí mi. Gbogbo ẹni tó lọ sí Shrine ló mọ̀ pé bí Fela bá ti gba orin kan sílẹ̀ sínú àwo, kò ní kọ ọ́ fún yín mọ́, ẹ bá a sunkún. Orin ọjọ́ alẹ́ tirẹ̀, bíi Beasts of No Nation ní 1989, tuntun ni, ó gùn, ó wúwo, kò sì sí ẹni tó lè fi wé ti àtijọ́ rẹ̀ ní tààràtà. Ó gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìfiwéra. Poly-Rythmo kò ní àǹfààní yẹn. Àwọn tó san owó ọkọ̀ wọn lọ sí Yúróòpù fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ti gbọ́ nínú àkójọ Redjeb. Ohun kan náà ló dé bá Orlando Julius wa: Super Afro Soul rẹ̀ ti wà láti 1966, ní 2014 ni òun àti àwọn Heliocentrics ti London ṣe Jaiyede Afro fún Strut kan náà yìí, orin tuntun àti ti àtijọ́ sì jọ wà nínú rẹ̀. Lójú mi, ti bàbá yìí bọ́ sí i ju Cotonou Club lọ, nítorí pé àwọn ọmọ London náà kò ṣe bí ẹni tó ń tún ọdún 1966 ṣe. Orchestra Baobab ti Dakar tún ṣe é dáadáa jù. Wọ́n túká ní àwọn ọdún 1980, wọ́n padà ní 2001, ọdún kan lẹ́yìn náà ni Specialist in All Styles jáde, Youssou N'Dour sì wà lára àwọn tó darí iṣẹ́ rẹ̀. Orin wọn ti jẹ́ orin ìfàyàbalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ogbó kò lè ba irú rẹ̀ jẹ́. Orin Poly-Rythmo ń fẹ́ eegun líle.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé èmi ń sọ àsọdùn lórí onílù, kó wo Rolling Stones. Wọ́n ṣe Hackney Diamonds ní 2023, Charlie Watts, onílù wọn, ti kú ní 2021. Orin méjì péré nínú rẹ̀ ni ìlù rẹ̀ ti dún, àwọn olólùfẹ́ wọn sì kọ́kọ́ lọ wá méjì yẹn.

Ìdí kejì tí nǹkan fi dín kù kò sí lọ́wọ́ àwọn olórin rárá. Nígbà tí wọ́n wà ní géńdé, ará Kútọnu ni wọ́n ń kọrin fún. Bí ijó tuntun bá dé, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí òpin ọ̀sẹ̀ tó dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ènìyàn á kọjá sí ilé ijó kejì. Ìdí nìyí tí orin wọn fi ń yí padà lọ́dọọdún. Ní 2011, àwọn tí wọ́n ń kọrin fún jókòó sí London àti Paris, ohun tí wọ́n sì ń fẹ́ ni kó má yí padà. Ẹgbẹ́ tí ìgbà tuntun ni oúnjẹ rẹ̀, wọ́n ní kó máa jẹ ẹ̀kọ́ àná. Ẹ wo Sagbohan Danialou, ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n ń pè ní homme-orchestre nítorí pé òun nìkan tó ẹgbẹ́ olórin. Òun náà ti dàgbà. Kò sí ẹni tó ń jiyàn lórí orin ọjọ́ alẹ́ tirẹ̀, torí pé àwọn tó ń gbọ́ ọ nílé kò fi í sílẹ̀ lọ rí, òun náà kò sì fi wọ́n sílẹ̀.

Èyí ló mú kí n gbé Madjafalao ga ju Cotonou Club lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwo tó ní àwọn àlejò olókìkí ni ìwé ìròyìn òyìnbó pariwo jù. Mélomé kú ní oṣù Kejìlá 2012. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òpin dé nìyẹn. Vincent gba ipò olórí, ilé iṣẹ́ Because Music sì gbé àwo náà jáde ní 2016. Ní àkókò yìí, àwọn àgbà àti àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ ti jọ lu ìlù lórí ìtàgé fún ọdún mẹ́fà, méje. Onílù kò wojú ẹnikẹ́ni mọ́ kó tó mọ ibi tí yóò yà sí. Orin tó fún àwo náà lórúkọ kò kánjú. Ó ń yí po lójú kan náà, fèrè ń wọlé, ó ń jáde, ohùn àwọn àgbà sì ń dáhùn lẹ́yìn bí àwọn tó jókòó síbi ìsìnkú ẹni tó gbó kó tó kú. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ sato padà, kì í ṣe sato ti Léopold, sato ti àwọn tó ti sin Léopold. Àwo náà ní ibi tó rọ̀, orin kan tàbí méjì wà tí a lè fò kọjá. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kan tí wọ́n ti ń ṣe bí ọmọ ogún ọdún.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ní Kútọnu gan-an, ẹni tó fẹ́ ra àwọn àwo méjì yìí á jìyà kó tó rí wọn, àwọn ilé iṣẹ́ tó ní wọn sì wà lókèèrè. Kí rédíò ìjọba àti àwọn rédíò aládàáni ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ máa fi wọ́n síta ju ìgbà ìsìnkú gbajúgbajà lọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gbọ́ èyíkéyìí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti 1973 wá sí ìsàlẹ̀, torí ẹ ó kàn máa ka ohun tó sọnù ni. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ Madjafalao, ẹ gbọ́ C'est lui ou c'est moi ti 2011, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá lọ bá Echos Hypnotiques. Gbeti Madjro ti 2011, ẹ lè fò ó.